Nígbà tí Ẹ̀rọ Bàbá Kúrò Lórí Àpáta

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń wo aago, mo ti mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín irin tó ń kọrin àti irin tó ń ké. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Bí àwọn ọmọ mìíràn ṣe ń fi etí da ohùn ìyá wọn mọ̀ láàárín èrò, bẹ́ẹ̀ ni èmi àti Ṣẹ́gun àbúrò mi ṣe ń fi etí da irin mọ̀. Òdòde ní Ìdànrè ni ilé wa wà, ẹ̀yìnkùlé ilé náà sì ni ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Irin ló ń gbẹ́. Ó ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní léètì, àgbà ẹ̀rọ tó ti wà láyé kí n tó dé. Bàbá á ki irin bọ ẹnu rẹ̀, ẹnu náà á dì í mú ṣinṣin, ẹ́ńjìnnì dísù á máa fi bẹ́líìtì yí i, irin á máa yí bìrìbìrì. Bàbá á wá máa sún ọ̀bẹ rẹ̀ tó mú mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di róbótó bó ṣe fẹ́. Ọ̀pá inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, ọ̀pá ẹ̀rọ ìfúnpo, ohun tó kán lára lọ́rì àwọn oníkòkó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀. Ẹnjíníà ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Bí iṣẹ́ bá ń lọ dáadáa, irin á máa kùn hùùùn bí oyin, èérún rẹ̀ á máa wé jáde ní wínniwìnni, á gbóná, á ní àwọ̀ búlúù. Ṣùgbọ́n bí irin bá gùn jù, tàbí ọ̀bẹ yọ jáde jù, tàbí eré ẹ̀rọ kò bá irin náà mu, háà! Gbogbo rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Irin á ké kííírírírírí, eyín á máa kan ọ lẹ́nu. Bí wọ́n bá dá ẹ̀rọ dúró, ojú irin á ti rí gbágungbàgun bí ibi tí eku jẹ. Bàbá á wò ó, á pòṣé, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ bi í léèrè nǹkankan títí oòrùn á fi yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń sọ: “Ẹ̀rọ kì í gbọ̀n lójijì. Ó ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀, ìwọ ni o ò gbọ́.” Nítorí náà, kò ní í tan ẹ́ńjìnnì kó má kọ́kọ́ fi òòlù kékeré kan irin náà lára, á gbé etí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí. Lẹ́yìn náà, á yí ojú sí wa. “Yóò ké àbí kò ní í ké?”

Eré tiwa nìyẹn, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀yin ń ta ayò, ẹ ń ṣe bojúbojú. Àwa ń gbọ́ irin. Èmi á ní yóò ké, Ṣẹ́gun á ní kò ní í ké, tí Bàbá bá wá sún ọ̀bẹ dé ibẹ̀, gbogbo wa á mọ ẹni tó jarè. Ẹni tó bá kùnà ló máa gbá èérún irin, kì í sì í ṣe iṣẹ́ tó wu ènìyàn, nítorí èérún yẹn máa ń géni lọ́wọ́ bí abẹ. Ẹni tó bá gbà á ni Bàbá máa fún ní iṣu sísun tó jóná díẹ̀ létí, tí Màámi ti fi epo pupa pa lára. N kò purọ́, iṣu yẹn ti sọ mí di olóye. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ bí irin ṣe gùn tó, bí Bàbá ṣe pọ́n ọ̀bẹ, ibi tó fi bẹ́líìtì kọ́. Kò pẹ́ tí Ṣẹ́gun kò bá mi ṣe é mọ́. Ó ní mo ti ń fi àdúrà gbà á.

Ṣé ẹ rí ẹ̀rọ yẹn, orí àpáta ló jókòó sí. Ẹni tó bá mọ ìlú wa á mọ̀ pé kò sí ibi tí òkúta kò ti yọjú. Ó wà lẹ́yìn ilé, ó wà lójú títì, ó ga lókè réré níbi tí àwọn baba wa gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Tiwa tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́yìn ilé bí ẹní. Ìyá bàbá mi ti ń sá kòkó lórí rẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Nígbà tí Bàbá ra ẹ̀rọ, ó gbẹ́ ihò sínú àpáta náà, ó fi sìmẹ́ǹtì gbin bóòtù sí i, ó sì de ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ gírígírí. Ìyá àgbà bínú títí. Ó ní kí lòun ó máa sá kòkó sí báyìí? Bàbá ní kí wọ́n máa sá a yí ẹ̀rọ ká. Bẹ́ẹ̀ ni kòkó ilé wa ṣe máa ń rùn díẹ̀ sí dísù, tí àwa ọmọ sì máa ń yọ́ kẹ́lẹ́ lọ fá omi dídùn ara kòkó tútù lá, pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún gírísì. Wọ́n nà wá fún un, wọ́n nà wá títí ó fi sú wọn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé Bàbá wà nílé. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bàbá àwọn ọ̀rẹ́ mi wà ní oko, àwọn míì wà ní Akúrẹ́, àwọn kan wà ní Èkó tó jẹ́ ọdún Kérésì nìkan la máa ń rí wọn. Èmi, bí mo bá ti ilé ìwé dé, kí n tó sọ báàgì kalẹ̀, mo ti gbọ́ bàbá mi. Bí irin bá ń kùn, mo mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn. Bí irin bá ń ké, n óò kọ́kọ́ lọ fi ara pamọ́ sí ilé ìdáná.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Àwọn lọ́rì oníkòkó kò wá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹni tí ọ̀pá ẹ̀rọ rẹ̀ bá sì kán ti ń ra tuntun ní Akúrẹ́. Màámi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Ó ní Òfòsù, lẹ́bàá títì tó ti Ọ̀rẹ̀ lọ sí Benin, ni tírélà ti ń bàjẹ́ lójoojúmọ́, ibi tí oníbàárà bá wà ló yẹ kí oníṣẹ́ wà. Ìgbà tó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n tú bóòtù, àwọn géńdé gbé ẹ̀rọ sínú lọ́rì kan tó wá kó kòkó, Bàbá sì tẹ̀lé e. Àwa kù sí Òdòde nítorí ilé ìwé. Ó ní ọjọ́ Sátidé lòun yóò máa wálé, kóun lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú wa.

Ẹ̀yìnkùlé wa dákẹ́. Ìyá àgbà gba àpáta rẹ̀ padà, ó sá kòkó rẹ̀ láti etí dé etí, inú rẹ̀ kò sì dùn rárá. Mo ti ilé ìwé dé, n kò gbọ́ nǹkankan. Mo sunkún, mo fẹjú mọ́ Ṣẹ́gun, mo kọ iyán. Màámi ní bí mo bá tún kọ iyán lẹ́ẹ̀kejì, òun yóò fi ọmọrí odó kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Sátidé àkọ́kọ́ tí Bàbá wálé, ìdí ìkòkò ni mo jókòó tì tí mo ń gbọ́ ohun tó ń sọ fún Màámi, bó ṣe ń fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́. Ẹ̀rọ náà kò gbà. Ó ní gbogbo irin ló ń ké ní Òfòsù. Irin gígùn ń ké, irin kúkúrú ń ké. Ó ti dín eré kù. Ó ti fa ọ̀bẹ wọlé kó má yọ jáde jù. Ó ti fi ohun ìtìlẹ́yìn ti ìdí irin kó má lè mì. Ó ń bu díẹ̀díẹ̀ jẹ lára irin bí ẹni tó ń jẹ ata, síbẹ̀ ó ń ké. Bí tírélà bá sì kọjá lójú títì, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á mì, ọ̀bẹ á fo. Ó ní, “Ìyá Títí, mo rò pé ọwọ́ mi ni. Àṣé àpáta ló ń bá mi ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá.”

Títí lorúkọ mi. Inú bàbá mi bàjẹ́, mo rí i lójú rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: inú tèmi dùn. Mo ronú pé bí ẹ̀rọ bá kọ̀ jálẹ̀, kí ló tún kù? Wọ́n á gbé e padà sórí àpáta, bàbá mi á padà wálé. Ó ti parí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Dáre, àbúrò Màámi, bíríkìlà ni. Òun ló lọ wo ibẹ̀, tó sì padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín tó fẹ́ẹ̀ pa á. Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá mi ṣe: ó da kọnkéré tínrín bí búrẹ́dì sórí ilẹ̀ pupa, ó gbé ẹ̀rọ lé e, ó ní ó parí. Ẹ̀gbọ́n Dáre pàtẹ́wọ́. “Ẹnjíníà! Ọmọ Ìdànrè ni yín lóòótọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí yín, ẹ ò gbẹ́ ìpìlẹ̀ rí. Ẹ rò pé gbogbo ayé ló ní òkúta nísàlẹ̀!” Màámi pàápàá rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ni ìpìlẹ̀ wá wà fún, nígbà tí Ọlọ́run ti fi ilẹ̀ síbẹ̀?

Báyìí ni ìjà èmi àti Màámi ṣe bẹ̀rẹ̀. Aládùúrà ni wá, àdúrà kì í tán nílé wa. Lóròòwúrọ̀, Màámi á tan àbẹ́là, á wọ aṣọ funfun, á ní kí Olúwa pa ìgbọ̀nrìrì ẹ̀rọ náà lẹ́nu mọ́. Èmi náà á kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, n óò máa bẹ Olúwa yìí kan náà nínú ọkàn mi pé kó má dá Màámi lóhùn. Ìbá mọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, Wòólì ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí àwọn ọmọdé dìde, kí oníkálukú fi ohùn òkè gbàdúrà fún òbí rẹ̀. Ó kàn mí. Mo di ojú pinpin, mo pariwo: “Olúwa, jẹ́ kí ẹ̀rọ bàbá mi máa gbọ̀n!”

“ÀMÍÍÍN!” Gbogbo ìjọ ti dáhùn kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí mo sọ.

Ẹ ò rí ojú tí Màámi fi wò mí. Bàbá mi wà ní apá ọkùnrin, ó fi apá aṣọ funfun rẹ̀ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Wòólì ní kí ìjọ tún dìde, kí wọ́n gbàdúrà náà padà. Nígbà tí a délé, Màámi mú mi kúnlẹ̀ sínú oòrùn, ó ní kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè. “Àwọn tó fẹ́ kí ilé yìí jẹun ń gbàdúrà, ìwọ ń tì í padà!” Bàbá ló wá gbé mi dìde. Kò bi mí ìdí tí mo fi gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ó mọ̀. Ó gbé mi jókòó sórí àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a jọ ń wo kòkó Ìyá àgbà títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò sì tíì mọ́ dáadáa tó fi padà sí Òfòsù.

Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, Màámi kó wa lọ bá a níbẹ̀. Ọ̀nà inú igbó ni a gbà, ẹrẹ̀ ló kún un. Kẹ́ ẹ rí bàbá mi! Ó ti gbẹ. Òun àti Ẹ̀gbọ́n Dáre ti gbẹ́ kòtò tó lè gba ènìyàn ní ìdúró, wọ́n ti to òkúta ńláńlá sí i, wọ́n ti da kọnkéré lé e títí ó fi kún. Wọ́n sì fi àlàfo yí i ká, wọ́n da yanrìn sínú àlàfo náà, kí ìmìtìtì tírélà lè máa kú sínú yanrìn kó tó dé ìdí ẹ̀rọ. Ọgbọ́n bàbá mi nìyẹn, kì í ṣe ti bíríkìlà. Ó ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí irin ń ké yẹn lòun fi gbọ́ pé ohùn méjì ló wà níbẹ̀: ohùn ẹ̀rọ àti ohùn títì. Wọ́n fi kọnkéré náà sílẹ̀ kó gbẹ títí ó fi le bí òkúta. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ de ẹ̀rọ mọ́ ọn ni nígbà tí a dé.

Irin tó gùn tó apá géńdé wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Awakọ̀ tírélà kan ló ni ín, ó jókòó sórí táyà, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun. Màámi dúró, ó di ọwọ́ mú. Ẹ̀gbọ́n Dáre kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí irin yìí bá ké, kò sí ohun tó kù láti gbìyànjú mọ́. Ẹ̀rọ yóò padà sí Òdòde, ebi sì ni a óò máa jẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n a óò jọ máa jẹ ẹ́ ni.

Bàbá gbé òòlù kékeré. Ó kan irin náà lára. Ó wá yí ojú sí mi, bíi ti ìgbà tí a wà nílé. “Títí, yóò ké àbí kò ní í ké?”

Mo súnmọ́ ọn. Mo wo bí ọ̀bẹ ṣe jókòó. Mo wo bẹ́líìtì. Mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ mi kan kọnkéré náà, nítorí n kò wọ bàtà. Tírélà kan kọjá lójú títì, ṣọ́ọ̀bù mì, abọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ awakọ̀ náà mì, abẹ́ ẹsẹ̀ mi kò mì rárá. Ó wù mí kí n ní yóò ké. Ọlọ́run mọ̀ pé ó wù mí. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá bi mí ní ọ̀rọ̀ irin, n kò lè purọ́ fún un, òun ló kọ́ mi.

Mo ní, “Kò ní í ké, Bàbá.”

Ó tan ẹ́ńjìnnì. Ó sún ọ̀bẹ mọ́ ọn. Hùùùn. Èérún irin ń wé jáde, ó ń wé jáde, ó gùn débi pé Ṣẹ́gun bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Màámi wólẹ̀, ó ń yin Olúwa lógo. Awakọ̀ náà fi ọwọ́ pa ojú irin, ó ní, “Chai! Oga, this one sweet o!” Ẹ̀gbọ́n Dáre gbá Bàbá mọ́ra. Èmi bú sẹ́kún.

Bàbá pa ẹ́ńjìnnì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi pẹ̀lú gbogbo gírísì ara rẹ̀. “Kí ló dé? O gbà á kẹ̀! Iṣu rẹ ń bọ̀.”

Mo ní, “Ẹ ò ní í padà wálé mọ́.”

Ó ní, “Mo ń wálé ní Sátidé.”

Mo ní, “Ṣé Sátidé nìkan ló wà láyé?”

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú mi, gírísì kùn mí lójú, òun náà kò lè wò mí mọ́. Màámi ti dìde nígbà yẹn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti ń bá a bọ̀, kò bá mi wí. Ó kàn ní, “Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà sunkún, òótọ́ ló sọ.”

Òfòsù ló wà títí tí èmi àti Ṣẹ́gun fi parí ilé ìwé. Ibẹ̀ ni owó tó tọ́ wa ti wá, n kò jẹ́ fi àbùkù kan ibẹ̀. Ìgbà tí ara rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ mọ́ ló tó padà sí Òdòde, tó ń jókòó síta láràárọ̀ tó ń retí ẹni tí yóò kí i. Nígbà náà, ilé ọkọ ni mo wà ní Akúrẹ́. Sátidé ni mo máa ń lọ wò ó.

Èmi ni mo jogún iṣẹ́ náà, Ṣẹ́gun wà ní báńkì. Ẹ̀rọ tí mo ń lò báyìí yàtọ̀. Ohun kékeré kan bíi bọ́tìnnì la lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ, òun ló ń gbọ́ ohun tí etí kò tíì gbọ́. Kọ̀ǹpútà á ti sọ fún wa kí a tó fọwọ́ kan irin pé bí ẹ bá sá eré báyìí yóò gbọ̀n, bí ẹ bá sá a báyìí kò ní í gbọ̀n. Bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á dín eré kù. Àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ kò mọ bí irin ṣe ń ké, wọ́n á fi ohun ìgbọ́rin sétí, wọ́n á máa mi orí. Iṣẹ́ wọn dára, ó dán ju ti bàbá mi lọ. N kò ní í parọ́ pé ti àtijọ́ ló dára jù. Ẹni tí èérún irin ti gé lọ́wọ́ rí kò ní í sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá tó bá wà ní Òfòsù lónìí, ọmọ rẹ̀ á pè é lórí fóònù, á rí ojú rẹ̀, á fi iṣẹ́ àṣetiléwá hàn án, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Inú mi ń dùn sí wọn. Nígbà tiwa, bí Sátidé bá ti kọjá, ó di Sátidé.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n wá tọrọ ọjọ́ kan padà nínú ayé mi, n kò ní í tọrọ ọjọ́ ọdún, n kò ní í tọrọ ọjọ́ ìgbéyàwó. Túsìdé kan lásán ni n óò tọrọ, tí kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, tí mo kàn ti ilé ìwé dé, tí bàbá mi wà nílé.